Èdè Ìdí Ààrò Kì í Ṣe Èdè Ẹ̀yìn: Oúnjẹ Fujian àti Orúkọ Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lẹ́nu Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe náà kò mọ sórí ọmọ nìkan. Oúnjẹ náà ní ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ó bá sì pa orúkọ náà dà láìbéèrè lọ́wọ́ onílé ti bu nǹkan kúrò nínú ìkòkò, bí ẹran inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dín. Síbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n láti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó kàwé dáadáa pé "oúnjẹ Ṣáínà" báyìí, "oúnjẹ Ṣáínà" báyẹn, bí ẹni pé ìdí ààrò kan ṣoṣo ni ènìyàn tí ó lé ní bílíọ̀nù kan ti ń jẹun. Èrò mìíràn tí ó burú ju èyí lọ fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀: pé bí àwọn ènìyàn bá tilẹ̀ ń se ọbẹ̀ oríṣiríṣi, èdè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí wọ́n fi máa ṣàlàyé rẹ̀, pé èyí tí ìyá ń sọ nídìí ààrò jẹ́ ẹ̀ka-èdè lásán, tí kò kan ilé-ẹ̀kọ́, tí kò kan ìwé, tí kò sì kan ìjọba.

Ìpínlẹ̀ Fujian, ní etí òkun Ṣáínà, jẹ́ ẹ̀rí pé èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èdè tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín níbẹ̀ ni ìdajì ayé fi ń pe tíì. Òun ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn yá lò fún ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Bí èdè bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ èdè ẹ̀yìn, ó yẹ kí àwọn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó ń jẹ́ èdè iwájú.

Ilẹ̀ Fujian àti Ohun Tí Wọ́n Ń Sè Níbẹ̀

Gúúsù ìlà-oòrùn Ṣáínà ni Fujian wà, ó dojú kọ erékùṣù Taiwan. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá pín ilẹ̀ àwọn sí ọ̀nà mẹ́wàá, òkè ni mẹ́jọ, omi ni ọ̀kan, ọ̀kan péré ni ó kù fún oko. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 41. Nítorí pé oko kò tó, òkun ni wọ́n kọjú sí: wọ́n pẹja, wọ́n ṣòwò, wọ́n sì ṣí lọ sí Luzon, Java, Malaya àti Singapore. Nítorí pé òkè pín wọn níyà, èdè wọn kò ṣọ̀kan. Ẹni tí ó ń sọ èdè Fuzhou kò gbọ́ ti ará Xiamen àti Quanzhou. Ti Putian, tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì, tún yàtọ̀. Min ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe ìdílé èdè yìí.

Bí èdè wọn ti pín ni ọbẹ̀ wọn náà ṣe pín. Nínú àwọn ọ̀nà ìsebẹ̀ ńlá 8 tí àwọn ará Ṣáínà máa ń kà, ti Fujian jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ní Fuzhou, omi ọbẹ̀ ni olórí. Alásè tí ó bá gbọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè yí omi ọbẹ̀ kan padà ní ọ̀nà mẹ́wàá. Wọ́n ní ìrẹsì kan tí wọ́n ń jẹ́ kí ó bu títí yóò fi pọ́n bí osùn, tí wọ́n fi ń pọn ọtí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa tí ó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ọtí náà kì í ṣe ohun ìdànù. Òun ni wọ́n fi ń se adìẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja, tí ọbẹ̀ fi ń pupa tí ó sì ń ta sánsán. Wọ́n tún máa ń lu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí igi títí yóò fi di ọ̀dà, wọn a pò ó mọ́ sítáàṣì ọ̀dùnkún, wọn a sì tẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, kí wọ́n tó fi di ẹran mìíràn.

Ní gúúsù, ní Xiamen àti Quanzhou, ọbẹ̀ pupa náà kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹran kékeré inú ìkarahun tí wọ́n ń ṣí kúrò lára àpáta etí òkun ni wọ́n ń pò mọ́ sítáàṣì ọ̀dùnkún àti ẹyin, tí wọ́n sì ń dín in lórí agbada. Wọ́n ń yan awẹ́ ìyẹ̀fun tí ó fẹ́lẹ́, wọn a sì fi pọ́n ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti sè pẹ̀lú ẹran àti edé. Ẹni tí ó bá pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní "oúnjẹ Ṣáínà" tí ó sì dákẹ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan.

Ewé Kan, Ọ̀nà Méjì

Òkè Wuyi ní àríwá Fujian àti agbègbè Anxi ní gúúsù rẹ̀ wà lára ibi tí orúkọ wọn dún jù lọ nínú òwò ewé tíì. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ará Họ́láńdì tí ó tẹ̀dó sí Java ń bá àwọn oníṣòwò Fujian dòwò pọ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò náà ń pe ewé yìí ní èdè gúúsù Fujian ni te. Orúkọ yìí ni ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Yúróòpù: ó di thee ní Họ́láńdì, thé ní Faransé, Tee ní Jámánì, tea ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti bọ́ sí ẹnu Yorùbá, tí ó di tíì.

Ní ibòmíràn ní Ṣáínà, cha ni wọ́n ń pè é. Èyí ni àwọn ará Potogí gbọ́ ní Macau, òun ni wọ́n sì ń pè ní Brazil títí di òní. Èyí náà ni ó gba orí ilẹ̀ dé Páṣíà, tí ó di chay, tí àwọn Lárúbáwá sọ di shay. Ní ilẹ̀ Hausa, ó di shayi. Nítorí náà, ní ìsọ̀ mai shayi ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin, nígbà tí oníbàárà bá ní kí wọ́n bu tíì fún òun, tí ẹni tí ó ń tà á sì ń pe ohun kan náà ní shayi, ọ̀nà òkun àti ọ̀nà ilẹ̀ ti pàdé lórí tábìlì kan. Ọ̀rọ̀ Min ni ó wà lẹ́nu oníbàárà. Kò mọ̀, kò sì sí olùkọ́ tí ó sọ fún un.

Te àti cha kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ kan ni, tí ìró rẹ̀ yà sí méjì. Èdè Min ti yà kúrò lára àwọn ìyókù kí àyípadà ìró kan tó bá wọn, ó sì pa kọ́ńsónáǹtì àtijọ́ mọ́ níbi tí Mandarin ti sọ ọ́ nù. Ohun tí Mandarin ń pè ní zhu, ìyẹn ọparun, tek ni ní gúúsù Fujian. Ohun tí Mandarin ń pè ní zhu lóhùn mìíràn, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀, ti ni níbẹ̀. Èdè tí wọ́n ní ó bàjẹ́ ni ó tọ́jú ohun àtijọ́ jù. Ẹ̀kọ́ yìí tó fún ẹni tí ó bá rò pé èdè àjùmọ̀lò ni òbí, tí ẹ̀ka-èdè sì jẹ́ ọmọ aláìgbọràn.

Kì í ṣe tíì nìkan. Awẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀fọ́ di lumpia ní Philippines àti Indonesia. Orúkọ núdù ní Philippines, pansit, wá láti inú èdè kan náà. Mi, bihun, tahu àti tauge, tí àwọn ará Indonesia ń pè lójoojúmọ́ ní ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ketchup wá láti ara ọ̀rọ̀ Min fún omi ẹja oníyọ̀, kí tòmátì tó wọ inú rẹ̀ rárá.

Ohun Tí Ó Ń Sọnù Nígbà Tí Orúkọ Bá Yí

Ẹni kan lè ní orúkọ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ni ó tún kù? Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó dá ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ àárọ̀ kan ní Fuzhou. Wọn a rẹ ìrẹsì, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná bí ògì. Wọn a gbé agbada kaná, omi ọbẹ̀ edé àti ẹran inú ìkarahun a máa hó nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọn a da ògì ìrẹsì náà yí etí agbada ká níbi tí ó ti gbóná tí omi kò dé. Yóò gbẹ, yóò ká, wọn a sì fá a wọnú ọbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní èdè ibẹ̀ túmọ̀ sí "ògì etí agbada", ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń lò fún agbada ni èyí tí Mandarin ń pè ní ding. Nínú Mandarin òde òní, ding jẹ́ ohun inú musíọ̀mù: ìkòkò idẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọba àtijọ́ fi ń rúbọ. Ní Fujian, ìyàwó ilé ń dín ẹja nínú rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ìwé oúnjẹ ti yí orúkọ náà sí guo, ọ̀rọ̀ Mandarin fún ìkòkò. Ìtumọ̀ rẹ̀ péye. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó yè lọ́wọ́ alásè ti di òkú nínú ìwé.

Ìkejì ni ọ̀dùnkún. Ìtàn Fujian sọ pé ní 1593, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Chen Zhenlong gbé ìtàkùn rẹ̀ láti Luzon wá sí Fuzhou, níbi tí àwọn ará Sípéènì ti mú un dé láti Amẹ́ríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìyàn mú, gómìnà Jin Xuezeng pàṣẹ kí wọ́n gbìn ín káàkiri. Ní gúúsù Fujian, han-chi ni wọ́n ń pè é: iṣu ará òkèèrè. Orúkọ tí ó wọ́pọ̀ nínú Mandarin ni hongshu: iṣu pupa. Orúkọ kejì yìí sọ àwọ̀ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀: òkun, ọkọ̀, ìyàn àti ọwọ́ tí ó gbìn ín.

Ìkẹta ni ọjà kan ní Singapore tí ń jẹ́ Tekka. Ọ̀rọ̀ gúúsù Fujian ni, ó sì túmọ̀ sí ìdí ọparun. Ọ̀nà kan náà ni Yorùbá gbà ń pe Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Ìdí-Ìrókò. Nígbà tí wọ́n kó ọjà náà lọ sí ilé tuntun ní 1982, wọ́n fi Mandarin pa orúkọ rẹ̀ dà, ó di Zhujiao. Bí wọ́n ti kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, ẹni tí ó gbọ́ Mandarin lè kà á sí ìdí ọparun, ó sì lè kà á sí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ti ń jà fún àmì ohùn láti ọjọ́ pípẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun. Nínú èdè tí wọ́n gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀, tek kò lè di ti láéláé. Àwọn aráàlú kọ orúkọ tuntun náà. Tekka ni wọ́n ń pè é. Ní 2000, ìjọba dá orúkọ náà padà.

Ìjọba Tí Ó Lé Èdè, Tí Ó sì Gbé Oúnjẹ Rẹ̀ Lárugẹ

Ọ̀rọ̀ Tekka kì í ṣe àṣìṣe akọ̀wé kan. Ní 1979, lábẹ́ Lee Kuan Yew, ìjọba Singapore bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé Mandarin ni kí àwọn ọmọ Ṣáínà ibẹ̀ máa sọ. Láàrin ọdún díẹ̀, eré àti ìròyìn ní èdè Fujian àti àwọn èdè yòókù tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ka-èdè ti kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Bàbá àgbà tí ń gbọ́ ìtàn lórí rédíò kò gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò sì gbọ́ bàbá àgbà. Ní 2020, orílẹ̀-èdè kan náà gba oyè lọ́dọ̀ UNESCO fún àṣà àwọn olóúnjẹ ìta gbangba rẹ̀. Àwọn ìsọ̀ tí oyè náà bọ̀wọ̀ fún kún fún orúkọ tí ó wá láti inú èdè tí wọ́n lé kúrò lórí rédíò. Wọ́n fi oúnjẹ gba ìyìn, wọ́n fi èdè tí ó bí i sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Taiwan, níbi tí àwọn ọmọ Fujian ti pọ̀ jù lọ, wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ìgbà tí òfin ológun parí ní 1987 ni ọwọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní òpin 2018 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó ka àwọn èdè ìbílẹ̀ sí èdè orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà mọ pátákó náà; ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi kọ́ lọ́rùn rí nítorí pé wọ́n sọ "fanákúlà".

Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀nà yìí a máa tọ́ka sí oúnjẹ dínín etí òkun Fujian náà pé: ẹ wò ó, o-a-chian ni gbogbo Taiwan ń pè é, títí kan ẹni tí kò gbọ́ ju Mandarin lọ; èdè lọ, orúkọ kò lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ààbọ̀ ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó máa ń rìn ìrìn àjò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ilé ni í kú sí. Orúkọ oúnjẹ a máa wọ èdè mìíràn wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èdè Min ní sah fún kí a bọ nǹkan nínú omi lásán, ó ní khong fún kí a fi iná pẹ́lẹ́ se é pẹ́ nínú omi ẹ̀wà soya, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ya bíbọ̀ kúrò lára sísè, tí ó sì ya yíyan kúrò lára sísun. Ó ní khiu fún ohun tí ó rọ̀ lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ó ń ta padà sí eyín, bí bọ́ọ̀lù ẹja tí wọ́n lù dáadáa. Nígbà tí àwọn tí ń kọ Mandarin ní Taiwan fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò rí àmì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún un. Lẹ́tà Q ti àwọn òyìnbó ni wọ́n yá. Ẹni tí ó mọ orúkọ oúnjẹ nìkan lè rà á. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ti ń sè é.

Àwíjàre Alátakò

Wọ́n ní kò sí bí orílẹ̀-èdè ṣe lè gún láìsí èdè àjùmọ̀lò. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Alásè Fuzhou àti alásè Xiamen kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí kò bá sí Mandarin láàrin wọn; ìlànà tí Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ní 1956 láti tan èdè àjùmọ̀lò kálẹ̀ sì ti jẹ́ kí ọmọ tálákà Fujian ríṣẹ́ ní Beijing. Ṣùgbọ́n láti kọ́ ọmọ ní èdè kan kò túmọ̀ sí pé kí a na èyí tí ó bá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Fujian tí wọ́n tan ọ̀rọ̀ te káyé ń fi èdè mìíràn dòwò ní gbogbo èbúté tí wọ́n dé. Kò sí èyí tí ó gba ti ilé lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n tún ní èdè tí kò ní ìwé kò ṣeé fi kọ́ni. Irọ́ gbáà ni pé kò ní ìwé. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ará Xiamen ti fi lẹ́tà ábídí kọ èdè gúúsù Fujian ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwé ìròyìn sì ti ń jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Tainan láti 1885, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ohun tí èdè náà kò ní ni ọlá níwájú ìjọba, ìyẹn kì í sì í ṣe àbùkù èdè.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ Fujian kò jìnnà sí ilé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kan náà kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Àwọn tí ó fagi lé e kò sọ pé kí wọ́n má jẹ àmàlà mọ́ tàbí kí wọ́n má jẹ tuwo mọ́. Singapore náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ kì í ṣòro fún ìjọba láti fẹ́ràn. Ẹnu tí ó sọ ọ́ lórúkọ ni wọn kì í fẹ́ gbọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí ó rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ èdè tí kò ní kí wọ́n dúró de àṣẹ. Atúmọ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kún fún ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ìdí ààrò kò tó nǹkan nínú wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bíírò lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí iná, kí ó kọ ohun tí ó ń pe gbogbo ìṣe ọwọ́ rẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè tí ó fi ń sọ ọ́, kí ó sì fi àmì ohùn sí i. Kí olùkọ́ ka èyí sí iṣẹ́ ìwádìí, kí ó fún un ní máàkì. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹ̀bú bá kọ lè yàtọ̀ sí ti Èkìtì, ìyẹn gan-an ni èrè rẹ̀.

Ní ìsọ̀ mai shayi, wọn yóò máa pe tíì, wọn yóò sì máa pe shayi lórí tábìlì kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ọ̀kan fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí omi tó hó. Ohun tí ọjà ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ kí ó kọ́.